Róòsì Damasku: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Òdòdó Tó Ń Ta Sánsán, Omi Rẹ̀ àti Àdídùn Rẹ̀

Òórùn ni gbogbo iyì òdòdó yìí, òórùn náà kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fi èyí sọ́kàn, ẹ óò mọ ìdí tí wọ́n fi ń já a kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìdí tí wọ́n fi ń sè é lọ́jọ́ kan náà, àti ìdí tí a kì í fi í da omi róòsì sínú ìkòkò tó ń hó. Mo ti gbin róòsì Damasku, mo ti já a, mo sì ti sè é. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nìyí.

Irú òdòdó wo ni róòsì Damasku gan-an?

Igi kúkúrú oníẹ̀gún ni. Ó máa ń ga tó mítà kan ààbọ̀ sí méjì ààbọ̀. Ewé igi rẹ̀ kì í dán. Ó dà bí ewé tí wọ́n bu eérú díẹ̀ lé, abẹ́ rẹ̀ sì ní irun múlọ́múlọ́. Ẹ̀gún rẹ̀ pọ̀ kọjá sísọ. Èyí tó tóbi, èyí tó kéré, èyí tó tẹ̀, èyí tó nà, gbogbo wọn ló máa wà lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹni tó bá sì fẹ́ já róòsì yìí, kó má wo ti ẹ̀gún.

Ẹ wá mú òdòdó kan lọ́wọ́, kí ẹ wò ó dáadáa. Kò ṣe ṣóńṣó lórí bíi róòsì tí wọ́n ń dì ní ìdì-ìdì tà. Ó là pẹrẹsẹ, àwọn ewé òdòdó inú rẹ̀ ká kò, wọ́n sì há mọ́ ara wọn bí aṣọ tí wọ́n rún sínú àpò. Píǹkì tó rọ̀ lójú ni àwọ̀ rẹ̀, etí rẹ̀ á sì máa ṣá díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn bá ṣe ń kàn án. Ọrùn rẹ̀ kò le, nítorí náà òdòdó tó bá ti là tán á tẹrí ba. Bí ẹ bá fi ìka ra ìrudi tí kò tí ì là, ìka yín á lẹ̀ díẹ̀, òórùn kan tó yàtọ̀ sí ti òdòdó fúnra rẹ̀ á sì kù síbẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń gbìn jù ní oko Bùlgáríà ní orúkọ Látìn kan, Trigintipetala, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọlọ́gbọ̀n ewé. Bí ẹ bá jókòó tú òdòdó kan ní ewé kọ̀ọ̀kan, bí ọgbọ̀n lẹ óò kà lóòótọ́.

Ṣé ìlú Damasku ló ti wá?

Orúkọ ni Damasku fún un, kò jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Àwọn ará Yúróòpù máa ń sọ pé àwọn jagunjagun ìsìn tó lọ sí Síríà láyé àtijọ́ ló gbé e bọ̀ wá sí Fáránsé. Ìtàn tó dùn ún gbọ́ ni, àmọ́ ìtàn náà ló jẹ́. Ohun tó dájú ni pé lọ́dún 2000, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan láti Japan yẹ àbùdá róòsì Damasku mẹ́rin wò, wọ́n sì rí i pé òbí mẹ́ta kan náà ló bí gbogbo wọn. Rosa moschata àti Rosa gallica ló kọ́kọ́ bímọ pọ̀. Ọmọ yẹn ló wá pàdé ẹ̀kẹta, Rosa fedtschenkoana, tó jẹ́ róòsì ìgbẹ́ láti Àárín Gbùngbùn Éṣíà. Ó jọ pé apá ibẹ̀ ni ìrìn àjò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kó tó wá gba Ìránì àti Síríà kọjá.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè ṣe kí n má sọ. Ẹ̀ka ni àwọn àgbẹ̀ ń gé gbìn, wọn kì í gbin kóró rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fi róòsì oko Bùlgáríà wé ti oko Tọ́kì, ara kan náà ni wọ́n bá, bí ìbejì tó jọra títí dé èékánná. Ìyẹn ni pé igi kan ṣoṣo tí ẹnì kan yàn láyé àtijọ́ nítorí òórùn rẹ̀ ló di gbogbo oko wọ̀nyẹn. Ìránì nìkan ni oríṣiríṣi rẹ̀ ṣì ti pọ̀ dáadáa.

Ẹ̀ẹ̀melòó ló ń tanná lọ́dún?

Ẹ̀ẹ̀kan ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ń tanná, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, kó tó tún di àmọ́dún. Ọ̀kan wà tí àwọn ará Fáránsé ń pè ní Quatre Saisons, ìyẹn àsìkò mẹ́rin. Orúkọ yẹn ti sọ ju bó ṣe rí lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń tanná yanturu, lẹ́yìn náà ló máa wá fún yín ní díẹ̀díẹ̀ títí òtútù á fi dé.

Ṣé mo lè fi róòsì tí wọ́n ń tà ní ìdì-ìdì rọ́pò rẹ̀?

Rárá, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n tọ́ àwọn yẹn kí ọrùn wọn lè le, kí wọ́n lè pẹ́ nínú omi, kí wọ́n sì rí bákan náà. Níbi tí wọ́n ti ń lé ẹwà àti ọjọ́ gígùn kiri ni òórùn ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èyí tó tún burú jù ni pé wọ́n máa ń fín oògùn kòkòrò sí wọn lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó rò pé ẹnìkan á jẹ wọ́n. Òdòdó tí ẹ máa jẹ, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ọwọ́ tó gbìn ín.

Kí ló wà nínú rẹ̀ tó fi ń ta sánsán bẹ́ẹ̀?

Kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Nínú òróró rẹ̀, àwọn èròjà tó ń jẹ́ citronellol, geraniol àti nerol ló pọ̀ jù. Àwọn ló ń fún un ní adùn òdòdó tí imú kọ́kọ́ ń mọ̀. Ọ̀kan tún wà tó ń jẹ́ phenylethyl alcohol. Ìyẹn fẹ́ràn omi. Bí a bá sè òdòdó, inú omi ló máa ń yọ́ lọ, kì í bá òróró léfòó. Ìdí nìyẹn tí omi róòsì àti òróró róòsì kò fi rùn bákan náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkòkò kan ló bí wọn: omi rọ̀ létí imú, ó sún mọ́ oyin, òróró le, ó ní ata díẹ̀ nínú.

Ọ̀kan ṣẹ́kù, òun sì ni mo fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Inú òróró róòsì Bùlgáríà ni wọ́n ti rí i, orúkọ òdòdó náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́: damascenone. Kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún òróró náà. Síbẹ̀, bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, òórùn ìyókù á rí gbẹrẹfu, bí ọbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé iyọ̀ sí. Imú ènìyàn máa ń gbọ́ ọ kódà bí ó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ ní láti wá a kíkankíkan.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń já a ní ìdájí?

Nítorí oòrùn ló ń jí òórùn rẹ̀ gbé. Òru ni òróró máa ń gún jọ sínú ewé òdòdó. Bí oòrùn bá ti ràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lọ nìyẹn, tí ó bá sì fi máa di ọ̀sán, ohun tó ṣẹ́kù kò tó nǹkan mọ́. Ní Àfonífojì Róòsì ní Bùlgáríà, àwọn tó ń já a ti wà lóko nígbà tí ìrì ṣì ń rọ̀. Bí aago mẹ́wàá àárọ̀ bá fi máa lù, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ẹ fi ìka méjì mú ìdí òdòdó, kí ẹ fi àtàńpàkò tì í lódìkejì. Á dún pá, á sì já sí yín lọ́wọ́ pẹ̀lú àwọn ewé kéékèèké tó di ìdí rẹ̀ mú. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, tó dà bí ife, tí ẹ ń rí ìyẹ̀fun ofeefee àárín rẹ̀ fírí, ìyẹn ló dára jù. Ìrudi tó di pa kò tí ì pé. Èyí tó ti là tán tẹ́lẹ̀ láti àná ti ná tirẹ̀ tán.

Ẹ má sì dì í sínú àpò pinpin. Òdòdó tí ẹ kó jọ gègèrè máa ń gbóná fúnra rẹ̀. Láàárín wákàtí mélòó kan, ó ti ń kan. Ẹ tẹ́ ẹ sí ibòji, kó fẹ́lẹ́, kí ẹ sì sè é lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe omi róòsì?

Ní Qamsar, nítòsí Kashan ní Ìránì, àwọn kan ṣì ń ṣe é bí àwọn baba wọn ṣe ṣe é. Wọ́n á da òdòdó sínú ìkòkò bàbà ńlá, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á dé e, wọ́n á sì fi amọ̀ tàbí ìyẹ̀fun pípò lẹ etí ìdérí kí ooru má bàa sá. Ọ̀pá kan ti inú ìdérí jáde, ó gba inú omi tútù kọjá sínú ìkòkò kejì. Bí iná bá ti ń jó, ooru á gba ọ̀pá lọ, á tutù lójú ọ̀nà, á sì di omi padà. Omi yẹn ni omi róòsì. Gulab ni wọ́n ń pè é lédè Páṣíà: gul ni òdòdó, ab sì ni omi.

Òróró máa ń léfòó díẹ̀ lórí omi náà. Níbi tí wọ́n bá ti ń wá òróró, bíi Bùlgáríà, wọ́n á tún omi yẹn sè lẹ́ẹ̀kejì kí èyí tó yọ́ sínú rẹ̀ lè jáde. Òdòdó tó tó 3,000 sí 4,000 kílò ni wọ́n máa sè kí wọ́n tó rí òróró kílò kan. Ẹ rántí pé ọwọ́ ló já gbogbo rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbàkígbà tí mo bá rí ìgò òróró tó kéré bí ìka, àwọn tó dìde lóru láti já a ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ta ló kọ́kọ́ ṣe é?

Ibn Sina, oníṣègùn ará Páṣíà àtijọ́, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dárúkọ. Ṣùgbọ́n al-Kindi, ọ̀mọ̀wé tó gbé ní Baghdad ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, ti kọ̀wé lórí sísè òdòdó àti lọ́fíńdà kí wọ́n tó bí Ibn Sina. Ní sànmánì yẹn, omi róòsì láti ilẹ̀ Fars ní Ìránì ti di ọjà tó ń lọ sí ìlú òkèèrè. Nígbà tí Saladin, ọba Mùsùlùmí nì, gba Jerúsálẹ́mù lọ́dún 1187, omi róòsì ni wọ́n fi fọ ilé mímọ́ tó wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Dome of the Rock. Títí dòní, wọ́n ń po ó mọ́ omi tí wọ́n fi ń fọ Káábà ní Mẹ́kà.

Ibo ni wọ́n ti ń gbìn ín lónìí?

Bùlgáríà ni orúkọ rẹ̀ ròkè jù nínú ti òróró. Kazanlak àti Karlovo ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ níbẹ̀, láàárín òkè Balkan àti Sredna Gora. Láti ọdún 1903 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún róòsì ní Kazanlak. Lọ́dún 2014, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin dáàbò bo orúkọ òróró róòsì Bùlgáríà, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ má bàa máa fi orúkọ náà tajà. Isparta ní Tọ́kì ni ìkejì rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ka láti Bùlgáríà ni wọ́n gbìn síbẹ̀ ní 1888.

Ní Síríà, abúlé al-Mrah ṣì ń já a lọ́wọ́, ogun kò sì lè pa á run. UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ orúkọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé ogún àṣà ní 2019. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo gbọ́. Taif ní Saudi Arabia, tó wà lórí òkè níbi tí atẹ́gùn ti tutù, gba irú rẹ̀ ní 2024. Ẹ tún lè rí i ní Kelaat M'Gouna ní Mòrókò, àti ní Íńdíà, níbi tí àwọn ará Kannauj ti ń sè é fún lọ́fíńdà.

Kí ni wọ́n ń fi ṣe nínú àdídùn?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí lokum ti Tọ́kì, torí òun ló fi hàn jù bí omi róòsì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣúgà, omi àti sítáàṣì ni lokum. Wọ́n á máa rò ó lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí á fi máa fà bíi rọ́bà, tí á sì máa dán. Bí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀ ni wọ́n tó da omi róòsì sí i. Ká ní wọ́n dà á sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ni, òórùn ì bá ti bá ooru lọ kí sítáàṣì tó jiná. Wọ́n á wá dà á sínú àwo, á sùn mọ́jú, wọ́n á gé e ní igun mẹ́rin, wọ́n á sì yí i nínú ṣúgà lílọ̀ tó kúnná. Bí ẹ bá ki ọ̀kan sẹ́nu, ìyẹ̀fun á kọ́kọ́ yọ́, lẹ́yìn náà ni róòsì á gba imú yín láti inú ọ̀fun wá.

Àwọn ará Íńdíà àti Pakistan ní gulab jamun, wàrà pípò tí wọ́n dín róbótó tí wọ́n sì rì sínú omi ṣúgà tó ní omi róòsì. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Wọ́n tún ní gulkand, èyí tí kò fẹ́ iná rárá. Wọ́n á to ewé òdòdó àti ṣúgà lélẹ̀ ní ìpele ìpele nínú ìgò, wọ́n á gbé e sí oòrùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á sì di ohun pupa tó ki bí oyin. Ní Shiraz ní Ìránì, faloodeh ni tiwọn, okùn sítáàṣì tẹ́ẹ́rẹ́ nínú omi dídì tó ní róòsì. Ní Jámánì, àwọn tó ń lọ àlímọ́ǹdì mọ́ ṣúgà láti ṣe marzipan máa ń kán omi róòsì sí i.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ní England àti Amẹ́ríkà pàápàá, omi róòsì ni wọ́n ń fi sínú kéèkì láyé àtijọ́. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni vanilla gba ipò rẹ̀. Àdánù ńlá ni mo ka ìyẹn sí.

Báwo ni mo ṣe lè fi ewé rẹ̀ ṣe jáàmù?

Ẹ wá ewé òdòdó gíráàmù 250, ṣúgà gíráàmù 500, lẹ́mọ́ọ̀nù méjì, àti omi tó tó mílílítà 300.

Iṣẹ́ tó gba sùúrù ni ẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Ẹ wo ìdí ewé òdòdó kọ̀ọ̀kan, ẹ óò rí ibì kan tó funfun, tó ki díẹ̀. Ibẹ̀ ló korò. Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e kúrò. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan mo ti gbójú fo iṣẹ́ yìí, mo sì ń mọ̀ ọ́n lẹ́nu ní gbogbo ìgbà. Ẹ fi omi tútù ṣàn wọ́n, ẹ jẹ́ kó ro.

Lẹ́yìn náà, ẹ bu ìdajì ṣúgà náà lé wọn, ẹ fún omi lẹ́mọ́ọ̀nù kan sí i, kí ẹ wá fi ọwọ́ rún un. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ewé tó wú yẹ̀rẹ̀ tó kún abọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀, á tutù lọ́wọ́ yín, píǹkì tó ti ń ṣá á sì pọ́n dẹ̀dẹ̀ bí omi lẹ́mọ́ọ̀nù bá ti kàn án. Ẹ dé e, kó sùn mọ́jú. Ní ọjọ́ kejì, ẹ se omi àti ṣúgà tó kù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ da ewé sí i, kó máa sè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ fún lẹ́mọ́ọ̀nù kejì sí i ní ìparí. Bí ẹ bá kán an sí àwo tútù tí kò sá lọ, ó ti tó. Kì í dì gbagidi bíi jáàmù èso o, oyin ni kó jọ. Bí ó bá dì gbagidi, ẹ ti sè é jù.

Ṣé mo lè ṣe omi róòsì nílé láìní ìkòkò bàbà?

Ẹ lè ṣe é. Ẹ gbé òkúta mímọ́ tàbí abọ́ wúwo tí ẹ dojú rẹ̀ dé sí àárín ìkòkò tó fẹ̀, ẹ gbé abọ́ kékeré lé e lórí. Ẹ da ewé òdòdó yí i ká, kí ẹ bu omi tó kàn bò wọ́n. Ẹ wá dojú ìdérí ìkòkò dé, kí ibi tó ga nínú rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, ẹ sì kó omi dídì sórí rẹ̀. Iná kékeré ni o. Ooru á lu ìdérí tútù, á ṣàn lọ sí àárín, á sì máa kán tó, tó, tó sínú abọ́. Ẹ máa gbọ́ ọ bí ilé bá dákẹ́. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ máa tọ́ ọ wò: ìgbà tí òórùn bá ti ń di ti ewé sísè, ẹ pa iná. Èyí tó bá jáde lẹ́yìn ìyẹn á ba ti àkọ́kọ́ jẹ́.

Omi tó kù nínú ìkòkò kì í ṣe omi róòsì. Ẹ lè fi ṣúgà sè é mu, ó dára fún ìyẹn.

Báwo ni mo ṣe máa lò ó tí kò fi ní pọ̀ jù?

Ààbọ̀ ṣíbí kékeré fún oúnjẹ ènìyàn mẹ́rin ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ dà á sí i lẹ́yìn tí ẹ bá sọ ìkòkò kalẹ̀, ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ tó fi kún un. Bó bá ti pọ̀ jù, ẹnu á máa wí pé ọṣẹ ni. Ó bá wàrà, àlímọ́ǹdì, ìrẹsì, lẹ́mọ́ọ̀nù àti pistachio mu dáadáa.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ojúlówó?

Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó ṣí i. Ojúlówó kì í ní ju nǹkan kan tàbí méjì lọ tí wọ́n kọ sára rẹ̀: omi òdòdó Rosa damascena, ìyẹn orúkọ Látìn róòsì Damasku. Bí ẹ bá rí i pé omi lásán ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, tí wọ́n wá kọ lọ́fíńdà, àwọ̀ àti ohun tó ń jẹ́ kó pẹ́ tẹ̀lé e, ẹnìkan po ó ni, kò sè é.

Ẹ wò ó lójú ìmọ́lẹ̀. Omi róòsì tòótọ́ mọ́ gaara bí omi kànga. Kò sí àwọ̀ tó lè bá ooru gòkè, nítorí náà èyí tó bá pọ́n, wọ́n kun ún ni. Mo ra irú ìgò bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mi ò tí ì mọ nǹkan kan. Ó rẹwà, ó pọ́n bí ọ̀yẹ̀. Mo da ṣíbí kan sínú mílíìkì tí mo ti fi ìrẹsì sè láti àárọ̀ fún àwọn àlejò mi. Mílíìkì náà pọ́n, ó sì ń rùn bí ilé ìfọṣọ. Odindi ìkòkò ni mo dà nù, ó sì dùn mí gan-an.

Imú ni ẹlẹ́rìí ìkẹyìn. Ẹ kán an sẹ́yìn ọwọ́, kí ẹ dúró díẹ̀. Ayédèrú á kọ́kọ́ pariwo, á sì máa sọ ohun kan náà títí á fi lọ. Ojúlówó á yí padà: róòsì ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà oyin, lẹ́yìn náà nǹkan kan tó dà bíi koríko tútù tí wọ́n sè. Bí ẹ bá fi ahọ́n kàn án, kò dùn. Ó korò díẹ̀.

Ní ti òróró, èyí tó bá jẹ́ òtítọ́ máa ń dì nínú òtútù nítorí ìda tó wà nínú rẹ̀. Ẹ di ìgò náà mú sínú àtẹ́lẹwọ́, á yọ́ padà.

Báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó?

Ìgò tó ṣókùnkùn, inú fíríìjì, ìdérí tó le. Èyí tí ẹ bá sè nílé, ẹ lò ó láàárín oṣù kan sí méjì. Bó bá ti dàrú tàbí tí nǹkan ń léfòó nínú rẹ̀, ẹ dà á nù.

Róòsì gbígbẹ ńkọ́?

Ìbátan rẹ̀, Rosa gallica officinalis, ló dára jù fún ìyẹn. Ó pọ́n ju Damasku lọ, ewé òdòdó rẹ̀ sì máa ń mú òórùn dání lẹ́yìn tó bá gbẹ. Ìlú Provins ní Fáránsé di olókìkí nítorí rẹ̀, àwọn oníṣègùn àtijọ́ sì ń fi í ṣe oògùn àti jáàmù. Ẹ sá a sí ibòji, ẹ má sá a sí oòrùn.

Ṣé oògùn ni?

Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ti ń fi omi róòsì ra ojú àti ara láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó sì tu awọ ara lára. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ń wo àìsàn. Ẹ má gbé òróró rẹ̀ mu, ẹ má sì fi omi róòsì tí wọ́n ṣe fún ìpara se oúnjẹ.

Ṣé mo lè gbìn ín síbi tó gbóná?

Ó sinmi lórí òtútù. Igi yìí nílò àsìkò tútù nínú ọdún kó lè sùn, kó tó jí láti tanná. Níbi tó bá gbóná tó sì lọ́rinrin láti oṣù Ṣẹẹrẹ dé Ọ̀pẹ, ewé ni yóò máa hù, àrùn á sì bá a. Ṣùgbọ́n orí òkè ilẹ̀ gbígbóná lè gbà á, bíi Taif àti Jabal Akhdar ní Oman.

Ó fẹ́ oòrùn wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ ó kéré tán, àti ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí. Ẹ fi àyè mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀ láàárín igi méjì. Ìpatà pupa àti àmì dúdú máa ń yọ sára ewé rẹ̀; ẹ já ewé bẹ́ẹ̀ dànù, ẹ má bomi lé ewé lórí, ẹ má sì fín oògùn sí òdòdó tí ẹ máa jẹ.

Ìgbà wo ni kí n gé ẹ̀ka rẹ̀?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe é léṣe. Róòsì Damasku tó ń tanná lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, orí ẹ̀ka tó hù lọ́dún tó kọjá ni òdòdó ti ń jáde. Bí ẹ bá gé e nígbà òtútù bí ẹ ṣe ń gé àwọn róòsì ìgbàlódé, òdòdó ọdún yẹn ni ẹ gé sọnù. Ẹ jẹ́ kó tanná tán ná. Kí ẹ wá gé àwọn ẹ̀ka tó ti gbó láti ìsàlẹ̀, kí ẹ̀ka tuntun lè ráyè dàgbà kí òtútù tó dé. Quatre Saisons nìkan lẹ lè gé díẹ̀ ní ìparí òtútù.

Èwo ni kí n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta igi?

Kazanlik, orúkọ míì fún Trigintipetala, bí ẹ bá fẹ́ sè é. Ispahan, bí ẹ bá fẹ́ èyí tó ń pẹ́ lórí igi. Madame Hardy, tó ti wà láti 1832, funfun báláú ni, àárín rẹ̀ ní ojú kékeré kan tó ní àwọ̀ ewé. Ó rẹwà lójú, àmọ́ fún ọgbà ni, kì í ṣe fún ìkòkò.

Ọdún mélòó ni màá fi dúró kí n tó rí òdòdó já?

Ọdún kejì á fún yín ní díẹ̀. Láti ọdún kẹta sí ìkẹrin ni igi á tó máa so dáadáa, á sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òdòdó mọ́kànlá ni igi mi kọ́kọ́ fún mi. Kò tó sè, kò tó fi ṣe jáàmù. Mo tú ewé wọn sínú ìgò ṣúgà, mo dé e, mo sì ń ṣí i láràárọ̀ láti gbóòórùn rẹ̀ títí ṣúgà náà fi tán.